Gbohùngbohùn

Ní kékeré, a máa ń dúró sísàlẹ̀ òkè Ìdànrè,
a ó pariwo orúkọ ara wa,
òkè a sì dá a padà, á pẹ́ díẹ̀, á fúyẹ́ díẹ̀.
N kò mọ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ mi ni mo ń kọ́.

Lónìí, nílé ìwòsàn kan lọ́nà Láje, ní ìlú Oǹdó,
mo rán ìró tí etí kì í gbọ́
wọ inú ọkàn Bàbá Lógùnlékòó.
Rọ́bà tín-ín-rín gba iṣan itan rẹ̀ gòkè,
ó ń pè, ọkàn ń dáhùn,
ìdáhùn ń di àwòrán níwájú mi, dúdú òun funfun.

Bàbá ò sùn tán. Oògùn mú un dé ẹnu ọ̀nà oorun,
ó jókòó síbẹ̀, ó ń rojọ́.
Gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ, ó là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀,
oje kòkó ti fún un ní àwọ̀ tí ọṣẹ ò lè bó.

“Fadérera,” Dókítà Akinṣìkú wí, “bá mi wá a.”
Ìgbà ọgọ́sàn-án ní ìṣẹ́jú kan
ni ọkàn náà ń sáré láìlọ síbì kankan,
bí ewúrẹ́ tó ń yí èèkàn ká.
Èèkàn náà dà?

Ògiri ọkàn ń fò, ó ń sọ̀, ó ń fò
(mo yí rọ́bà sósì díẹ̀, mo pa èémí mọ́)
àyàfi ibì kan.
Funfun bí ẹfun, fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin,
ó kàn wà níbẹ̀
bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé.

“Kí lẹ rí?”
“Àpá ni, Bàbá. Àpá àtijọ́.”
Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ilé.
“Ọdún tí iná jó oko wa ní Ìgbìndó,
mo ṣubú sẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní ibà ni.
Mo mu àgbo ọjọ́ mẹ́ta, mo padà sóko.
Ta ni ì bá gbin òmíràn?”

Ogún ọdún ló fi gbé e kiri lábẹ́ ẹ̀wù,
aya ò mọ̀, ọmọ ò mọ̀,
òun gan-an ò mọ̀.

“Bàbá, a fẹ́ fi iná sun etí rẹ̀ díẹ̀.”
Ẹ̀rín pa á.
“Ṣé àwa náà kì í sun igbó etí oko
kí ọyẹ́ tó dé, kí iná ńlá má baà rọ́nà gbà?
Àgbẹ̀ lẹ̀ ń ṣe nìyẹn.”

Iná kan. Iná kejì. Ìkẹrin, kò sí nǹkan.
Níkẹjọ, ewúrẹ́ dúró.
Ìlà orí ẹ̀rọ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀rù bà mí,
lẹ́yìn náà: kì.
Kì.
Kì, bí ẹni jókòó tó ń fọ́ kòkó láìkánjú.

“Ṣé ó ti lọ?”
“Rárá, Bàbá. Ó ṣì wà níbẹ̀.”
“Ẹ jẹ́ kó wà. Ẹ sá ti dínà mọ́ ọn.”
Oorun sì gbé e wọlé.

Kí n tó pa ẹ̀rọ, mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kan,
funfun, tí kò mira.
Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n pè é lórúkọ,
kí n gbọ́ ohun tí yóò dá padà.