Àtàǹpàkò

Àtàǹpàkò mi yìí ti jìyà.
Òòlù gbá a lọ́dún tí a kan ọkọ̀ Sùnmọ́nù,
èékánná rẹ̀ bọ́, òmíràn hù, ó wọ́.
Oje igi, ọ̀dà, omi ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
gbogbo wọn ti fá ìlà inú rẹ̀ dànù
bí ìgbì ṣe ń fá ipa ẹsẹ̀ létí omi.

Síbẹ̀ ìwé gbà á.
Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Mùkáílà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, dé
tòun ti bébà, tòun ti tàdáwà nínú agolo.
"Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí, owó àwọn àgbà ni,
ìjọba fẹ́ mọ iye arúgbó tó wà ní Pópó Ọba."
Mo tẹ̀ ẹ́. Ta ni kì í tẹ̀ka fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni?
Ó tún bá mi nu ọwọ́, aṣọ ọrùn ara rẹ̀ ló fi nù ún.
Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri mi.
Wọ́n ní mo ti ta ilé, mo ti gbowó.
N ò mọ̀wé,
ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀dà tí kò ní í ṣí.

Rúkáyátù ọmọọmọ mi gbé fóònù kalẹ̀,
ó fi agolo mílíìkì tì í lẹ́yìn.
Ó ní lọ́yà kan wà tó ń dá àgbàlagbà lóhùn
lórí ẹ̀rọ, ní gbogbo ọjọ́ Àtàláátà, lọ́fẹ̀ẹ́.
Ọ̀fẹ́ kẹ̀?
Ọ̀fẹ́ ni Mùkáílà náà pe tiẹ̀.

Ó ní kí n tẹ ibi aláwọ̀ ewé tó ń tàn.
Mo tẹ̀ ẹ́, fóònù ò gbọ́.
Mo fi itọ́ rin ìka, mo nù ún lára ṣòkòtò, mo tún tẹ̀ ẹ́,
fóònù ní òun ò mọ̀ mí.
Ìwé tó gbalé mi mọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
èyí tó fẹ́ gbà mí ni kò mọ̀ mí.

Obìnrin kan yọ, ojú rẹ̀ kéré, ó wọ gíláàsì,
ọmọ kan ń sunkún níbì kan lẹ́yìn rẹ̀.
Kò bi mí ní iye tí ilé tó. Ó ní,
"Bàbá, ta ló ka ìwé náà sí yín létí?"
Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ń kọjá lórí ọ̀sà. Mo jẹ́ kó lọ tán.
"Kò sẹ́ni tó kà á."
"Ta ló wà níbẹ̀?"
"Èmi, òun, àti ewúrẹ́ Ìyá Ṣèlíátù."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn.
Ó ní òfin mọ irú wa,
pé ìwé tí a kò túmọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀.
Ó ní òun ò ṣèlérí. Ẹjọ́ a máa pẹ́.
"Ẹ ya fọ́tò ògiri yẹn. Ẹ wá rìsíìtì ilẹ̀.
Ẹ má tẹ̀ka sí nǹkan kan mọ́, ì báà ṣe ìwé ìsọmọlórúkọ,
àfi tí Rúkáyátù bá kà á tán."
Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ.
Ojú rẹ̀ dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀
bí ọ̀bọ̀kún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sókè.

Inú àpótí irinṣẹ́ la ti rí rìsíìtì náà lálẹ́,
lábẹ́ ayùn tí mo fi kọ́ṣẹ́,
láti ọdún tí a bí ìyá Rúkáyátù. Ikán ti jẹ etí rẹ̀ kan.
Ọmọ náà kà á: Yékínì Òṣínúgà.
Mo ní kó tún un kà.
N kò gbọ́ orúkọ mi rí láti inú ìwé.

Mo fẹ́ di ẹja gbígbẹ fún lọ́yà,
Rúkáyátù ní fóònù kì í gbẹ́ja.

Mùkáílà pè láàárọ̀ yìí.
"Bàbá, bébà kékeré kan ló tún kù."
Mo ní kó máa gbé e bọ̀.
Mo ní ẹnìkan wà níbí tó máa kà á.