Itan Yá Ikùn

Ọdún mẹ́jọ ni Heldur fi gbé aṣọ sínú.
Kì í ṣe aṣọ tí à ń wọ̀:
ọ̀pá aṣọ kan ni, tí wọ́n hun pọ̀ bí ojú àwọ̀n,
tí wọ́n rán sí ibi tí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wú
bí àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja.
Ó ń lọ sórí adágún Peipsi nígbà òtútù,
ó ń lu ihò sí yìnyín, ó ń jókòó tì í.
Mo máa ń sọ pé, "Rọra, aṣọ inú rẹ."
A ó rẹ́rìn-ín.

Lóṣù kẹwàá, bí mo ti ń so àlùbọ́sà kọ́ sí ìloro,
ibà dé. Ó lọ, ó padà, bí àlejò tó gbàgbé fìlà.
Ẹ̀yìn ń ro ó. Oúnjẹ ń korò lẹ́nu.
Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ní í gbé;
èyí tí ń jẹ ọkọ mi,
inú ohun tó gbà á là ló kọ́lé sí.

Dókítà Maarika ní Tartu kò yí ọ̀rọ̀ po.
Ó ya àwòrán sẹ́yìn ìwé oògùn:
"A ó yọ aṣọ náà, gbogbo rẹ̀, títí kan òwú.
Bí a bá fi aṣọ míì rọ́pò, kòkòrò á tún wọ̀ ọ́."
Mo bi í pé kí ni yóò wá máa gbé ẹ̀jẹ̀.
Ó na kálámù, ó fi tọ́ itan Heldur.

Iṣan inú itan, oníwà pẹ̀lẹ́,
tó ń sin ẹ̀jẹ̀ tó ti rẹ̀ padà sílé,
òun ni yóò wá dúró lójú ọ̀nà ọkàn,
kó máa gba ẹ̀ṣẹ́ tọ̀sán-tòru.
Ta ní í mú ìránṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé joyè balógun?

Wákàtí mọ́kànlá.
Mo ka bíríkì ògiri títí mo fi mọ èyí tó ti sán.
Nọ́ọ̀sì kan gbé tíì wá; ó tutù, mo mu ún bẹ́ẹ̀.
Nígbà tí Maarika jáde, àmì fìlà wà níwájú orí rẹ̀.
Ó ní aṣọ yẹn ń rùn. Ó ní ó ti jáde tán.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí, ó bọ́ bàtà.

Wọ́n ní ọ̀tún ní í wẹ òsì.
N kò gbọ́ ọ rí pé itan wẹ ikùn.
Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣì ń wú di òní;
ìbọ̀sẹ̀ tó fún pinpin ni mo ń fà wọ̀ ọ́ láràárọ̀.
Ó ń kùn. Mo fi í sílẹ̀ kó kùn:
ẹsẹ̀ tó yá ikùn ní nǹkan lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn.

Lánàá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
àwọ̀n tó ya wà lórí orúnkún rẹ̀.
Kò sí òwú tuntun nílé.
Ó tú etí àwọ̀n,
ó fi dí àárín rẹ̀.