Ohùn Sàńgún

Pyo Sang-hun lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Kòríà.
Ahọ́n wa ò gbé e ní Ṣómólú. Sàńgún la ń pè é,
kò sì wá bá wa jà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, ńṣe ló ń kú:
ọmọ-ogun kẹta lápá òsì,
idà ti wọ̀ ọ́ níkùn kí ọba tó lanu.
Ọ̀gá Fátúróti tì mí sínú yàrá
tí wọ́n fi tìmùtìmù àlòkù bo ògiri rẹ̀,
ó pa fáànù, ó ní, "Ládẹ́gbuwà, bá a ké yéè."
Mo ké yéè. Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ó fún mi ní igba náírà àti ìlàjì búrẹ́dì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Sàńgún dẹni tó ń sọ̀rọ̀.
"Ẹṣin ti dé, Kábíyèsí." Ó parí.
Mo gbé gbólóhùn yẹn rìn dé òpin Bájùláyé,
mo ń yí i lẹ́nu bí obì,
títí ẹni tó ń ta kẹrosíìnì fi bi mí pé ẹṣin dà.

Ohun tó mú un rọrùn fún mi ni pé wọ́n mọ àgbà.
Bó bá ti tẹ ẹ̀yìn, mo mọ̀ pé "ẹ" ló kàn, kì í ṣe "o".
Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń túmọ̀ ẹnu rẹ̀ fún mi.

Ìgbà tó di ọmọ ọba, òjò ò dá lórí rẹ̀ mọ́,
agbòjò kan ṣoṣo, ọmọbìnrin kan lábẹ́ ẹ.
Àṣàbí ni ọmọbìnrin náà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.
Ó máa ń bọ́ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú ife
kó má baà máa súfèé,
á sì di ọmọ ogún ọdún lójú mi báyìí.
"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ." Ibẹ̀ ni wàhálà wà:
ẹnu Sàńgún ṣí lẹ́ẹ̀mẹta, tèmi lẹ́ẹ̀marùn-ún.
Mo kó méjì tó ṣẹ́kù pamọ́
di ìgbà tó bá yíjú sẹ́yìn.

Wọ́n wá mú un lọ sójà. Òfin ìlú wọn ni.
Wọ́n fá orí rẹ̀; èmi ni òtútù mú.
Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń to ìwé ètò ìsìnkú
nílé ìtẹ̀wé tó kángun sí wa,
mo ń ka orúkọ olóògbé kọ̀ọ̀kan sókè ketekete,
tọmọ tọmọ-ọmọ, kí ohùn má baà dípẹtà.

Ó dé. Ó ṣe dókítà, ó ṣe lọ́yà,
ó ṣe olówó tí ẹ̀rín wọ́n lẹ́nu rẹ̀.
Mo ra ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn nìkan. Ilé ò tíì bá a dé.

Lọ́jọ́ kan, nílé olóògùn kan l'Ónípàánù,
mo ní kí wọ́n fún mi lóògùn ikọ́.
Ọmọdébìnrin kan fò yí sẹ́yìn,
ojú rẹ̀ ń wá Sàńgún kiri,
ó wo iwájú mi, ó wo ẹ̀yìn mi,
ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, Fátúróti ṣí iṣẹ́ tuntun.
Ọmọ ọba ti di ẹlòmíràn. Ìṣọ̀lá ló ń sọ tirẹ̀,
ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá.
Mo ní, "Sàńgún wá dà?"
Ó nàka sí ọkùnrin kan tó jókòó ní kíṣìnì,
ewú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, fóònù lọ́wọ́.
"Bàbá ni."
Mo fọwọ́ kan irun tèmi tí mo pa láró.

Sàńgún pe ọmọ rẹ̀, kò mọ ohun tó máa sọ,
ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"
Ẹnu rẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tèmi lẹ́ẹ̀marùn-ún.
A jọ ṣí i, a jọ pa á dé,
ìgbà àkọ́kọ́ rèé láti ọdún méjìdínlógún.

Àṣàbí, láìwọ eyín, ní, "Ẹ gbọ́ o."
Iná ti lọ. Ẹ̀rọ ò gbà á.
Fátúróti ní ká máa bọ̀ lọ́la, aago mẹ́sàn-án.