Àpá Gìgísẹ̀ Òsì

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ní kí n sọ ti Melánípò.
Ẹ ti rí i ní gbàgede,
ẹ ti fọwọ́ pa ẹsẹ̀ idẹ rẹ̀ títí
ó fi ń kọ mọ̀nà ju orí lọ.
Ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀.
Ẹni tó rọ ọ́ kò mọ̀ nípa àpá gìgísẹ̀ òsì,
níbi tí àfọ́kù òkúta wọ̀
lọ́dún tí ewúrẹ́ bàbá wa já lórí òkè Fọ́lóè.

Èmi ni mo fi eyín fa àfọ́kù náà yọ.
Èmi náà ni mo kọ́kọ́ lé ewúrẹ́ bá.
Ẹ má rẹ́rìn-ín!
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, òun jẹ́ méje,
eruku ẹsẹ̀ mi ló ń jẹ bọ̀ lẹ́yìn
bí ẹni ń bu ìyẹ̀fun bálì sẹ́nu.

Ó dàgbà. Wọ́n fi òróró ólífì pa á lára,
wọ́n mú un lọ sí Òlímpíà, níbi tí obìnrin kò gbọdọ̀ dé.
Mo jókòó sí òdìkejì odò Aliféò,
mo ń fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.
Mo gbọ́ ariwo kan: hòò!
Kí n tó fún aṣọ tán, eré ti parí.

Ìlú wó ògiri ìhà ìlà-oòrùn lulẹ̀ fún un;
wọ́n ní ìlú tó bí irú ọmọ yìí, kí ló fẹ́ fi ògiri ṣe?
Ó gba àlàfo náà wọlé, adé ewé lórí,
ó ń tiro díẹ̀.
Èmi nìkan ló rí i.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹun ọ̀fẹ́ nílé ìgbìmọ̀.
Ó sanra. Orúnkún ń dùn ún tí òjò bá ṣú.
Adé ńkọ́? Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, lọ́jọ́ kẹta.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa,
ó wá rọra sọ fún mi pé,
“Timarétà, gbogbo ìgbà tí mo ń sá,
ẹ̀yìn rẹ ni mò ń wò níwájú mi.”

Ó ti kú. Wọ́n ti mọ ògiri náà padà
lọ́dún tí àwọn ọmọ ogun Ẹ́lísì ń bọ̀.
Àwọ̀ òkúta tuntun kò bá ti àtijọ́ mu.
Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ fi idẹ sílẹ̀,
ẹ lọ dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.
Wọn ò rẹ́ ẹ dáadáa.
Atẹ́gùn ṣì ń gbabẹ̀ wọlé.