Ìbéèrè Kẹrìnlá

Ní Watertown, lápá òkè Niu Yọ́ọ̀kì, yìnyín ti bo fèrèsé,
àwa méjìlélógún jókòó, kálukú pẹ̀lú wáyà létí,
à ń pe ilé onílé lásìkò oúnjẹ alẹ́.
Ẹ káalẹ́ o. Mo ń pè láti ilé-iṣẹ́ tó ń wádìí èrò ará ìlú.
A ò ta nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e sílẹ̀.

Owó orí, ojú ọ̀nà, iye tí wọ́n ń ta bẹntiróò,
wọ́n ń dáhùn bí ẹni ń bó ẹ̀pà.
Bó bá ku ìkẹrìnlá, mo máa ń kọ́kọ́ mu omi díẹ̀.
Ṣé ẹ fara mọ́ ọn, àbí ẹ ò fara mọ́ ọn,
pé kí ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin, kí obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin,
máa ṣe ológun lójú gbangba, láìfi ara wọn pamọ́?
Gidigidi ni, àbí díẹ̀díẹ̀?

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà.
Èmi ò rí ojú ẹnì kankan. Èémí ni mò ń gbọ́,
ajá tó ń gbó ní Nebraska, ṣíbí tó já bọ́ sínú àwo,
tẹlifíṣọ̀n tí ẹnìkan sáré pa.
Obìnrin kan ní Ohayo ní kí n dúró, ó lọ ti ilẹ̀kùn,
ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: Mo fara mọ́ ọn. Kí ọkọ mi má gbọ́.
Ọkùnrin kan bú mi, ó bú ìyá mi, ó bú ìjọba,
ó tún dúpẹ́ pé ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnìkan ti bi òun ní nǹkan.

Lẹ́yìn náà ni Delbert Kuykendall, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ó ní, Èwo ni díẹ̀díẹ̀?
Ní Kòríà, nínú òtútù tó ń fọ́ ìgò,
Orville Stamm pọ̀n mí sẹ́yìn bí ọmọ, máìlì méjì,
ẹ̀jẹ̀ mi dì mọ́ ọn lọ́rùn.
Gbogbo wa la mọ̀. A ò bi í, kò sì wí.
Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lé e, èmi ni wọ́n pè.
Wọ́n ní, Irú ènìyàn wo ni?
Mo ní n ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ aago ara ògiri rẹ̀.
Màdáámú, ó ní, àpótí wo lẹ máa fi ìyẹn sí?

Àpótí márùn-ún ló wà lójú kọ̀ǹpútà.
Èyí tó kẹ́yìn ni ti ẹni tí kò mọ̀.
Kò sí ti ẹni tó mọ̀,
tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta jẹ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu.
Mo tẹ ọ̀kan. N ò ní sọ èyí tí mo tẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé ìròyìn gbé e jáde:
ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá báyìí.
Mo wá ilẹ̀kùn tí wọ́n tì nínú rẹ̀, n ò rí i.

Ṣùgbọ́n Adérójú ọmọ mi wà ní bárékè,
ogún ìṣẹ́jú péré sí ilé mi.
Ọjọ́ Ìsinmi ni òun àti Kessler, ọ̀rẹ́ rẹ̀, máa ń wá jẹun.
Ọmọ mi a máa ṣa eegun ẹja fún un,
a tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
èmi a yíjú sí ìkòkò, bí ẹni pé ó ń ru.
Ẹnu tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́:
ta ló kọ́ mi lówe yìí tí mo fi gbàgbé rẹ̀?

Lálẹ́ àná, nígbà tí gbogbo wa ti bọ́ wáyà létí,
mo jókòó sínú mọ́tò, mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀.
Ẹ káalẹ́ o, mo ní. Mo ń pè láti ilé-iṣẹ́ tó ń wádìí èrò.
Ó rẹ́rìn-ín. Màámi, kí ló dé?
Ìbéèrè kan péré ni.
Ẹ̀rín náà tán. Mo gbọ́ èémí rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n.
Ẹ bi mí, ó ní.
Rárá o, mo ní. Ìwọ ni kí o bi mí.