Ohùn Kan ní Bantang Koto

Ní Gámbíà tiwa, a kì í tẹ̀ka sórí ìwé.
Gíláàsì róbótó kan ni wọn ó fi lé ọ lọ́wọ́,
irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré nínú iyanrìn.
O ó mú un wọ yàrá tí a fi aṣọ dí,
o ó bá àgbá mẹ́ta níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ọ̀dà tirẹ̀.
Ihò kan ló wà lórí àgbá. Sọ ọ́ sí i.
Agogo inú rẹ̀ yóò dún: gan!
Ẹ̀ẹ̀kan péré. A ti da iyanrìn sí ìsàlẹ̀
kí gíláàsì má baà tún fọhùn nígbà tó bá balẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbọ́.
Olùkọ́ ìṣirò ni mí lọ́jọ́ yòókù;
lọ́jọ́ ìbò, etí mi ni ìjọba háyà.
Abẹ́ igi máńgòrò tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà la tẹ́ tábìlì sí.
Sambujang ń ki ìka èèyàn bọ yíǹkì,
Naling ń wá orúkọ nínú ìwé ńlá,
èmi ń tẹ́tí bí ajá ọdẹ.
Ẹnìkan wọlé: gan. Ó jáde.
Ẹnìkan wọlé: gan. Ó jáde.
Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ọlọ́pàá á dìde.

Ìdí nìyẹn tí a fi lé kẹ̀kẹ́ jìnnà.
Seedy tó ń kiri búrẹ́dì kò mọ̀, tàbí ó mọ̀.
Ó gba ẹ̀yìn ilé-ìwé yọ, ó tẹ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀,
ni gbogbo ìlà bá yíjú,
aṣojú àgbá aláwọ̀ eérú ní òun ti ka mẹ́ta fún ẹnìkan ṣoṣo,
ariwo ta.
Ogún ìṣẹ́jú la fi bẹ búrẹ́dì àti olówó rẹ̀
kí wọ́n máa relé.

Ọ̀sán pọ́n. Oṣù karùn-ún, òjò kò tíì dé,
oko ẹ̀pà ṣì ń lanu.
Nyimanding Sanyang wọlé,
ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó ti dàgbà kí àsíá wa tó gòkè.
Mo tẹ́tí.
N kò gbọ́ nǹkan kan.
Naling wò mí. Èmi wo aṣọ yàrá.
Eṣinṣin kan bà lé ìwé, ó rìn kọjá lórí ìdílé Sanyang.
A kò gbọdọ̀ wọlé bá a; òfin ni.
A kò gbọdọ̀ bi í léèrè; òfin náà ni.
Kí ni ìbò bí kò ṣe ohun tí a bò?
Ó jáde, ó di etí ìró rẹ̀ mú ṣinṣin,
ó ní a kú ooru,
ó lọ.
“Ṣé o gbọ́ ọ?” Sambujang béèrè.
Mo ní, “Ó dún, ó kàn rọra dún ni.”

Nírọ̀lẹ́ a da gíláàsì sórí pákó oníhò,
igba ihò, kí ojú má baà ṣìnà.
Aláwọ̀ eérú, mọ́kànléláàádọ́rin.
Aláwọ̀ ìyeyè, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.
Elésè àlùkò, méjìlélógójì.
Orúkọ tí a fàmì sí: igba ó lé méjìlá.
Gíláàsì: igba ó lé mọ́kànlá.
A tún un kà. A gbọn àgbá. A fi tọ́ọ̀ṣì wá inú iyanrìn.
Naling kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dín ẹyọ kan,
gbogbo aṣojú fọwọ́ sí i; ẹyọ kan kò lè yí nǹkan padà.
Ẹni tó wọlé ti ṣèlérí ẹ̀rọ omi.
Ẹni tó lé kúrò náà ti ṣèlérí rẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti ń dúró de ọkọ̀,
ọmọ mẹ́rin ń ta gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga gbígbẹ.
Ti àwọn mẹ́ta ti ha, ó ti kán létí.
Ti ọmọ-ọmọ Nyimanding mọ́ gaara bí omi.
Ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ojú wa pàdé, kò gbé tirẹ̀ kúrò.
Iṣẹ́ mi ni kí n gbà á.
Mo bi ọmọ náà pé, “Ta ló ń borí?”
Ó ní, “Èmi ni.”
Ọkọ̀ dé, mo wọ̀ ọ́.