Ẹgbàárùn-ún Ó Dín Irinwó

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún gbé òṣùwọ̀n wúrà bàbá rẹ̀
wọ ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókèsà,
ó fi ìborùn wé e bí ọmọ tuntun,
wáyà ìdí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.
"Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi wò ó.
Kọ̀ǹpútà tuntun ní òun ò mọ̀ ọ́n rí."

Mo wo ẹnu wáyà: ihò mẹ́sàn-án,
síkúrù kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
irú èyí tí ọmọ ìsinsìnyí ń bi mí pé kí ni.
Èmi mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kì í rọ́ gììrì gba inú rẹ̀,
ẹyọ kan, ẹyọ kan ni.
Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọsẹ̀ lábàtà.

Kọ̀ǹpútà náà ń dán bí awo,
ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, lábẹ́ àwòrán, lábẹ́ orin,
ekùrọ́ kan wà tí ojú kì í rí,
òun ló ń sọ ẹni tí yóò wọlé, ẹni tí yóò dúró síta.
Èèpo là ń rà lọ́jà.
Mo bi ekùrọ́ léèrè: ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?
Ó ní: mo gbọ́ kíkàn, n ò mọ ohùn.

Tẹ́lẹ̀ rí, ó mọ̀ ọ́n.
Ògbufọ̀ kan wà nínú ekùrọ́ àná
tó gbọ́ èdè òṣùwọ̀n yìí, ojú ìwé mẹ́rin péré,
ẹnì kan tí n kò mọ̀, nílùú tí n kò dé, ló kọ ọ́.
Ọdún gorí ọdún, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.
Wọ́n ní, ta ló tún ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀?
Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbálẹ̀ ibẹ̀.
Wọn ò mọ Iléṣà.

Mo wá ojú ìwé mẹ́rin náà títí mo fi rí i.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń kùn, ẹ̀fọn ń jẹ mí lọ́rùn-ẹsẹ̀.
Orúkọ kan àti òmíràn ti yí padà nínú ekùrọ́ tuntun,
bí ẹni tó ti òkè òkun dé tó ń béèrè òpópónà tí kò sí mọ́;
mo tún wọn kọ.
Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni ẹ̀rọ náà ṣubú tí mo gbé e dìde.
Nígbà kejìdínlógún, ó sọ àlejò lórúkọ,
ó fún un ní ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Àmọ́ ohun tó jáde, ìsọkúsọ ni,
bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.
Ẹ̀rín pa mí. Ìrìn wọn ni kò dọ́gba.
Ẹgbàárùn-ún ó dín irinwó
ni òṣùwọ̀n yìí ń sọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan:
iná ni lójú tèmi, ìgbín ni lójú kọ̀ǹpútà.
Mo ní kó rọra. Àgbà ló ń sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ìdúró.
Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ òṣómàáló,
bàbá bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kan n'Íkirun
títí adìẹ fi wọlé sùn.
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ́ ògbufọ̀ mi:
kó lóṣòó, kó má pariwo, kó má jẹ iná,
kó má dìde títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé.

Rẹ̀mílẹ́kún padà wá ní Sátidé.
Awo òṣùwọ̀n ṣófo,
síbẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ń kọ
ìdá mẹ́ta nínú ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù.
Mo rò pé àṣìṣe mi ni; mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì
tó ń dá a padà sí òdo.
Ó di ọwọ́ mi mú.
Ó tẹrí, ó wo etí awo, níbi tí irin ti pàdé irin:
eruku tín-ń-tín kan ń tàn níbẹ̀,
èyí tí búrọ́ọ̀ṣì Bàbá Fápọ̀hùndà kò rí gbá.
"Ẹ fi sílẹ̀," ló wí,
"ẹ jẹ́ kó máa kà á."